Má Dá Iṣẹ́ Ògiri Náà Padà Nítorí Kámẹ́rà

Nímọ́tà Àbẹ̀kẹ́, ọmọ mi,

Láti Lokoja ni mo ti ń kí ọ, èmi ìyá rẹ. Mo gbàdúrà kí ìwé yìí bá ọ nínú àlàáfíà, kí ó sì tètè bá ọ, nítorí n kò fẹ́ kí Mọ́ńdè ṣáájú rẹ̀ dé. Orí bẹ́ẹ̀dì ni mo jókòó sí. Ìwé nóòtì kíláàsì mi ni mo fi ṣe tábìlì. Bí o bá rí ibi tí mo ti fa igi gba orí ọ̀rọ̀, má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Láti ìgbà tí mo ti di akẹ́kọ̀ọ́ ní àgbà yìí ni mo ti ń kọ ọ̀rọ̀ tí mo ń pa á rẹ́, bí ẹni pé olùkọ́ kan dúró sẹ́yìn mi pẹ̀lú bírò pupa.

Ohun tí o sọ fún mi lórí fóònù ní Wẹ́sìdeè kò jẹ́ kí oúnjẹ wọ̀ mí lẹ́nu. O ní ọ̀gá rẹ pè ọ́, ìwọ tí o kò tíì lo oṣù mẹ́ta lẹ́nu iṣẹ́ fọ́tò ní Ìlọrin, ó ní kí o ya fọ́tò méjìlá ti àwọn ìyá amọ̀kòkò Ìlọrin, tí wọn yóò tẹ̀ ní gígùn tó ilẹ̀kùn, tí wọn yóò sì gbé kọ́ ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé àlejò tuntun kan. Inú rẹ dùn títí tí ọmọkùnrin tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ fi wo kámẹ́rà tó wà lọ́rùn rẹ, tó ní, "Ṣé èyí ni wàá fi ya ògiri? Ògiri ni wọ́n ní kí o yà o, kì í ṣe páàsìpọ́ọ̀tì." Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Ìwọ náà rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà o wọ ilé, o pè mí, o ní, "Màmá, n óò dá iṣẹ́ náà padà ní Mọ́ńdè. Kí ọ̀gá gbé e fún un. Òun ló ní kámẹ́rà ńlá."

Mo kàn ní, "Ṣe sùúrù," mo sì pa fóònù. O lè rò pé inú bí mi. Kò bí mi rárá, ẹ̀rù ló bà mí. Bí mo bá sọ fún ọ pé kámẹ́rà àti lẹ́ńsì kò ṣe nǹkan kan, irọ́ ni mo pa fún ọmọ mi. Bí mo bá sì sọ pé àwọn ni gbogbo rẹ̀, èmi gan-an ni mo ti iṣẹ́ náà bọ́ lọ́wọ́ rẹ. Ọgbọ̀n ọdún ni mo ti fi ya fọ́tò nílùú yìí, n kò sì lè dá ọ lóhùn lẹ́ẹ̀kan náà. Ìtìjú ńlá ni. Nítorí náà mo lọ wádìí. Mo ti wádìí báyìí, Àbẹ̀kẹ́, ayọ̀ rẹ̀ kò sì jẹ́ kí n lè jókòó jẹ́ẹ́. Ṣùgbọ́n n óò tò ó fún ọ láti ìbẹ̀rẹ̀, torí pé bí ọmọdé bá ṣubú, á wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, á wo ẹ̀yìn. Jẹ́ kí èmi àgbà wo ẹ̀yìn díẹ̀.

Àkọ́kọ́: mọ ibi tí o máa dúró sí kí o tó mọ lẹ́ńsì tí o máa lò.

Nígbà tí mo gba òmìnira iṣẹ́ fọ́tò lọ́dọ̀ ọ̀gá mi, kì í ṣe pé mo mọṣẹ́ ju àwọn ọkùnrin lọ ni iṣẹ́ fi ń wọlé fún mi. Obìnrin ni mí, òun ni. Ní àdúgbò wa ní Lokoja àtijọ́, bí wọ́n bá ń ṣe ìyàwó, ẹnu ọ̀nà ni onífọ́tò ọkùnrin máa ń dúró. Inú yàrá lọ́hùn-ún ni ìyàwó wà pẹ̀lú làálì lọ́wọ́ àti lẹ́sẹ̀, tí àwọn ìyá, àwọn àǹtí àti àwọn ọ̀rẹ́ yí i ká bí oyin. "Ẹ pe Sìkírá wá!" ni wọn á wí. Èmi á wọlé. Yàrá náà kì í ju bẹ́ẹ̀dì kan àti àpótí méjì lọ. Màá fi ẹ̀yìn ti ògiri, màá fi ìdí lé ojú fèrèsé, síbẹ̀ lẹ́ńsì kan ṣoṣo tí mo ní, èyí tí àwa onífọ́tò ń pè ní fífítì, tí ọ̀gá mi fún mi, ojú ìyàwó àti ìdajì èjìká ìyá rẹ̀ nìkan ló máa ń gbà. Ọjọ́ kan ni àǹtí ìyàwó kan gba fọ́tò lọ́wọ́ mi, ó yí i síwá yí i sẹ́yìn, ó ní, "Sìkírá, ṣé òkú ni mí ni? Mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ mi láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́!"

Mo ta ẹ̀rọ ìránṣọ mi, mo fi ra lẹ́ńsì tó ń gba nǹkan púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, èyí tí ojú rẹ̀ fẹ̀. Ọmọ mi, ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ gbé e wọ yàrá ìyàwó, ó gba gbogbo wọn, títí kan ìyá àgbà tó ń sùn ní igun. Orúkọ mi kàn láti àdúgbò dé àdúgbò. Níbẹ̀, lẹ́ńsì ló ṣe é. N kò ní purọ́ fún ọ. Níbi tí ẹsẹ̀ rẹ kò bá ti lè rìn sẹ́yìn, lẹ́ńsì ni yóò bá ọ rìn ín.

Wàhálà mi ni pé láti ọjọ́ náà n kò yọ lẹ́ńsì yẹn kúrò lórí kámẹ́rà mọ́. Ìgbéraga ni. Mo rò pé òun ni mo fi ń jẹ́ onífọ́tò.

Nígbà náà ni bàbá kan ní àdúgbò Crusher ránṣẹ́ pè mí. Ará Ìjùmú ni, ọ̀gá ńlá lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, ó ń fẹ̀yìn tì lọ́sẹ̀ náà. Ó fẹ́ fọ́tò ìdílé tí yóò gbé kọ́ pálọ̀. Ọgbà rẹ̀ fẹ̀, igi máńgòrò wà níbẹ̀, àyè wà fún mi láti rìn sẹ́yìn ogún ìṣísẹ̀ bí mo bá fẹ́. N kò rìn ín. Mo dúró sí ìtòsí wọn, nítorí pé lẹ́ńsì mi lè gba gbogbo wọn níbẹ̀, àti nítorí pé mo fẹ́ràn kí n máa pàṣẹ kí àgbàlagbà sì máa gbọ́. Bàbá jókòó bí àwọn àgbà ṣe ń jókòó fún fọ́tò: ó la ẹsẹ̀, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé orúnkún, ó wo iwájú gbọnrangandan, bàtà rẹ̀ ń dán. O mọ̀ pé àwọn bàbá wa kì í fẹ́ kí a gé ẹsẹ̀ wọn kúrò. Odindi ni wọ́n fẹ́ wà nínú fọ́tò.

Mo tẹ̀ ẹ́ ní ńlá, mo fi férémù sí i, mo gbé e lọ fún un fúnra mi.

"Okun o, ìyàwó mi onífọ́tò," ni bàbá fi kí mi bí àwọn ará Ìjùmú ṣe ń kíni. Ó gbé awò ojú rẹ̀ wọ̀. Ó wò ó títí. "Ta nìyí?"

"Ẹ̀yin ni, sà."

"Èmi kọ́. Orúnkún mi nìyí. Orúnkún méjì tó wọ agbádá."

Ìyàwó rẹ̀ na ọrùn wò ó. "Dádì, ẹ jẹ́ kí n rí i. Háà! Bàtà yín tóbi ju orí yín lọ!" Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ìyàwó àkọ́bí wọn, tó dúró ní etí pátápátá, tó sì tẹ́ẹ́rẹ́ bí ìgbálẹ̀, ti fẹ̀ nínú fọ́tò bí ẹni tó fẹ́ bí ìbejì. Òun kò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀.

"Ọdún márùndínlógójì," ni bàbá wí, "ni mo fi orí ṣiṣẹ́ fún ìjọba. Ìwọ wá fi ẹsẹ̀ yọ mí lẹ́nu iṣẹ́."

Mo kúnlẹ̀. Mo ní, "Ẹ má bínú, sà. Kámẹ́rà ló ṣe é."

Bàbá yọ awò ojú rẹ̀. Ó ní, "Kámẹ́rà ló rìn wá sún mọ́ mi?"

Àbẹ̀kẹ́, gbogbo ohun tí mo mọ̀ nípa lẹ́ńsì, inú ìbéèrè yẹn ló wà. Ohun tó bá sún mọ́ ọ ni lẹ́ńsì náà ń sọ di ńlá, orúnkún bàbá ló sì sún mọ́ mi jù. Mo padà lọ lọ́jọ́ kejì pẹ̀lú fífítì mi tí mo ti pa tì, mo rìn sẹ́yìn títí mo fi fẹ́rẹ̀ẹ́ jáde ní géètì, mo ń pariwo kí wọ́n lè gbọ́ mi. Fọ́tò yẹn ni wọ́n gbé kọ́ pálọ̀. Nítorí náà, nígbà tí o bá dé ọ̀dọ̀ àwọn ìyá amọ̀kòkò, kọ́kọ́ gbé kámẹ́rà sílẹ̀. Fi ẹsẹ̀ rìn yí ibẹ̀ ká. Bí àyè bá wà láti rìn sẹ́yìn, lẹ́ńsì kékeré tó wà lọ́wọ́ rẹ ti tó. Bí ó bá jẹ́ inú ahéré tóóró ni, yá èyí tó fẹ̀ fún ọjọ́ kan, kí o sì dá a padà. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà.

Èkejì: lẹ́ńsì kì í ṣẹ́gun ojú ọjọ́.

Èyí kò gùn. Lẹ́yìn ìgbà náà mo tún ra lẹ́ńsì gígùn kan, tó gùn bí apá ọmọ ọdún kan, nítorí mo gbọ́ pé ilé ìtẹ̀wé kan ń wá fọ́tò ibi tí odò Ọya àti Bẹ́núè ti pàdé, láti fi ṣe kàlẹ́ńdà. Mo gbé e gun Òkè Patti nínú ọyẹ́, ètè mi là, ẹsẹ̀ mi bó. Mo ya fíìmù odindi kan. Nígbà tí wọ́n fọ̀ ọ́ tán, gbogbo rẹ̀ funfun báláú bí omi ògì. O kò lè mọ ibi tí odò parí sí tí ọ̀run ti bẹ̀rẹ̀. Fọ́tò tí ilé ìtẹ̀wé náà mú, tíṣà kan ló yà á pẹ̀lú kámẹ́rà kékeré tó ń fi sápò. Ó ti gun òkè náà nígbà òjò, ní àárọ̀ ọjọ́ kejì tí òjò ńlá rọ̀, tí ojú sánmà mọ́ kedere, tí omi méjèèjì ń ṣàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ọ̀kan pọ́n, èkejì dúdú díẹ̀, bí ẹni pé ẹnì kan fa ìlà sí àárín wọn.

Ohun tí lẹ́ńsì gígùn ń ṣe ni pé ó ń fa ohun tó jìn wá sọ́dọ̀ rẹ. Bí ó bá jẹ́ pé eruku ló wà lọ́hùn-ún, eruku ni yóò fà wá. Bi àwọn ìyá náà léèrè ọjọ́ tí wọ́n máa ń sun ìkòkò, kí o sì mọ wákàtí tí oòrùn máa ń gba inú èéfín náà kọjá. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Ẹ̀kẹta ni ìmọ́tótó. Nígbà tí mo lóyún rẹ, mo fi lẹ́ńsì mi tó dára jù lọ wé aṣọ, mo tì í sí ìsàlẹ̀ àpótí. Òjò ọdún méjì kọjá lórí rẹ̀. Ọjọ́ tí mo yọ ọ́ síta, inú gíláàsì rẹ̀ ti hu èbu funfun, bí èyí tó ń hù lára búrẹ́dì. Láti ọjọ́ yẹn, gbogbo ẹni tí mo bá fi yà dà bí ẹni tó dúró nínú èéfín. Lẹ́ńsì kékeré tó mọ́ sàn ju ńlá tó ti bu lọ. Má sì ṣe fi etí ìborùn nu lẹ́ńsì mọ́. Mo rí ọ nígbà iléyá. O rò pé n kò rí ọ.

Báyìí, jẹ́ kí n sọ èyí tó ń dùn mọ́ mi nínú.

O mọ̀ pé láti ọjọ́ tí mo ti wọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga láti kọ́ ìmọ̀ iṣẹ́ fọ́tò ni ara mi kò ti balẹ̀. Ẹni ọdún méjìléláàádọ́ta ni mí, mo ń jókòó láàárín àwọn ọmọ tí mo ya fọ́tò ìsọmọlórúkọ wọn. "Màmá Họ́ńdírẹ́dì" ni wọ́n ń pè mí, nítorí họ́ńdírẹ́dì ni wọ́n ń pe ọdún àkọ́kọ́. Ìdánwò kékeré tí a kọ́kọ́ ṣe, lórí bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń gba inú gíláàsì kọjá, mẹ́jọ ni mo gbà nínú ogún. N kò sọ fún ọ. Ohun tí mo ti ń fi ọwọ́ ṣe láti ọgbọ̀n ọdún, n kò lè fi ẹnu ṣàlàyé rẹ̀. Mo wọ kẹ̀kẹ́ lọ́jọ́ náà, mo sì ń bi ara mi pé ta ló rán mi níṣẹ́.

Ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, olùkọ́ wa, obìnrin kan tí mo lè bí, ní kí olúkúlùkù wa ya Bàbá Ocholi, bàbá Ígálà tó ń ṣọ́ géètì, pẹ̀lú kámẹ́rà yòówù tó bá ní. Àwọn kan lo fóònù. Ọmọ ọlọ́rọ̀ kan gbé kámẹ́rà kan wá tó jẹ́ pé àpò rẹ̀ nìkan wúwo ju kámẹ́rà mi lọ. Èmi gbé tèmi, ẹ̀gbọ́n èyí tí mo fún ọ, pẹ̀lú fífítì. Ó tẹ gbogbo rẹ̀ sórí irú ìwé kan náà, ní ìwọ̀n kan náà, tó bí ìwé tí a ṣí sílẹ̀. Ní Tọ́sìdeè, ọjọ́ kejì tí o pè mí, ó lẹ̀ wọ́n mọ́ ògiri, mẹ́rìnlá, nọ́ḿbà nìkan, kò sí orúkọ. Ó ní, "Ẹ fi hàn mí, èwo ni kámẹ́rà olówó gọbọi yà?"

Mo rí tèmi lójú ẹsẹ̀. Nọ́ḿbà méje. Mo fẹ́ kí ilẹ̀ lanu.

"Méje ni," ni ọmọ kan wí. "Ẹ wo irùngbọ̀n Bàbá, èèyàn lè ka irun rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan."

"Na big camera be that!" ni òmíràn fi Píjìn sọ láti ẹ̀yìn.

"Ojú Bàbá tún ń rẹ́rìn-ín. Bàbá tí kì í rẹ́rìn-ín sí ẹnikẹ́ni!"

Mẹ́sàn-án nínú wọn ló mú méje. Nígbà tó kàn mí, ṣé o mọ ohun tí èmi ìyá rẹ ṣe? Mo na ìka sí mẹ́ta.

Olùkọ́ bẹ̀rẹ̀ sí yí àwọn fọ́tò náà padà, orúkọ wà lẹ́yìn wọn. Kámẹ́rà ọmọ ọlọ́rọ̀ ni nọ́ḿbà mọ́kànlá. Ọ̀sán gangan ló yà á, ojú Bàbá Ocholi wà lábẹ́ òjìji fìlà rẹ̀, kò sí ẹni tó mú un. Ó wá yí méje. Ó kà á, ó wò mí. "Màmá, ẹ̀yin lẹ ya èyí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Kí ló dé tí ẹ mú mẹ́ta?"

"Mo rò pé kò lè jẹ́ tèmi ni ẹ ń wá."

Ariwo tó sọ nínú kíláàsì yẹn, wọ́n gbọ́ ọ ní géètì! Àwọn ọmọ náà dìde, wọ́n ń lu tábìlì, "Màmá! Màmá! Màmá!" Ọmọ ọlọ́rọ̀ náà fúnra rẹ̀ wá dọ̀bálẹ̀ fún mi, ó ní kí n gba òun ní ọmọ iṣẹ́. Olùkọ́ bi mí pé kí ni mo ṣe. Àbẹ̀kẹ́, ẹnu mi là, fún ìgbà àkọ́kọ́ nínú ilé-ẹ̀kọ́ yẹn. Mo ní mo lọ bá Bàbá ní kùtùkùtù, mo bẹ̀ ẹ́ pé kó yí àga rẹ̀ sí ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti rọ̀, mo bi í léèrè oko rẹ̀ ní Ìdáh, mo sì dúró títí tó fi gbàgbé pé kámẹ́rà wà lọ́wọ́ mi. Olùkọ́ kọ ohun tí mo sọ sórí pátákó. Ọ̀rọ̀ èmi, tí mo gba mẹ́jọ nínú ogún!

Ṣùgbọ́n bí mo ṣe jókòó, tìrẹ ló wá sí mi lọ́kàn. Mo tún nàwọ́ sókè. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ìwọ̀n ìwé nìyí. Bí a bá tẹ̀ ẹ́ tó ilẹ̀kùn ńkọ́?"

Ó ní, "Màmá, ẹ lọ tẹ̀ ẹ́, kí ẹ wá sọ fún wa."

Mo lọ. Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀h lánàá, mo wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí Ganaja, sí ọ̀dọ̀ Sìyákà, ọmọ Ebira tó ń tẹ bánà fún àwọn ṣọ́ọ̀ṣì àti àwọn ilé ìtajà. N kò mú Bàbá Ocholi dání. Tìrẹ ni mo mú: fọ́tò tí o fi ránṣẹ́ sí mi ní ọ̀sẹ̀ tí o kọ́kọ́ dé Ìlọrin, ti ìyá àgbà amọ̀kòkò tó ń rìn yí ìkòkò rẹ̀ ká bó ṣe ń mọ ọ́n, tí amọ̀ tutù dé e ní ìgúnpá. Kámẹ́rà tí wọ́n fi rẹ́rìn-ín ni o fi yà á.

Sìyákà wò ó lórí kọ̀ǹpútà, ó mi orí. "Màmá, ẹ má ná owó yín dànù. Fọ́tò fóònù kì í tó ògiri o. Bí mo bá fẹ̀ ẹ́, á fọ́ wẹ́wẹ́ bí gàrí."

"Kì í ṣe ti fóònù. Tẹ̀ ẹ́."

"Bó bá bàjẹ́ ńkọ́?"

"Èmi ni mo ní kí o tẹ̀ ẹ́. Tẹ̀ ẹ́, ọmọ mi."

Ẹ̀rọ náà bẹ̀rẹ̀ sí kùn. N kò lè wò ó. Mo kọjú sí ọ̀nà Ajáòkúta, mo ń ka kẹ̀kẹ́ tó ń kọjá. Mo ka mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Ẹ̀rọ náà dákẹ́. Mo ní ó parí nìyẹn, gàrí ti dé. Mo yí padà.

Ó ti fi kílíìpù gbé e kọ́ ara ògiri ṣọ́ọ̀bù, ó ga jù mí lọ. Ó dúró níwájú rẹ̀, ó ká ọwọ́ sẹ́yìn bí ọmọ tó ń kí ìyá rẹ̀ àgbà. Ó ní, "Màmá, ta ni ìyá yìí?"

Gbọ́ mi dáadáa. Kò béèrè kámẹ́rà. Obìnrin kan tó wá tẹ ìwé ìpè dúró sẹ́yìn wa, ó ní, "Ẹ wo ọwọ́ rẹ̀. Háà, ọwọ́ ìyá mi gan-an nìyí." Ọlọ́kadà kan pa ẹ̀rọ rẹ̀, ó yọjú wo inú ṣọ́ọ̀bù. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó béèrè kámẹ́rà.

Mo sunkún, ọmọ mi, ní ṣọ́ọ̀bù Sìyákà, lójú gbogbo ayé. Ẹkún ayọ̀ ni.

Nígbà tí mo nu ojú tán, mo ṣe ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ ń ṣe. Mo fi imú kan fọ́tò náà, mo sì rí àléébù rẹ̀, n kò ní fi pa mọ́ fún ọ. Àwọn igun rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kò hàn kedere tó, nítorí pé o ṣí ojú lẹ́ńsì náà sílẹ̀ pátápátá; dín in kù ní ìpele méjì, igun yóò hàn kedere. Ibi tó ṣókùnkùn lẹ́yìn ìyá náà ní àmì wínníwínní bí iyanrìn, nítorí pé o ti agbára kámẹ́rà sókè láti wá ìmọ́lẹ̀. Gbé kámẹ́rà lé igi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, kí o má sì ti agbára rẹ̀ sókè. Etí ìkòkò gbọ̀n díẹ̀, ọwọ́ rẹ ló gbọ̀n. Ní ibi mẹ́ta yìí, ká ní kámẹ́rà ńlá àti lẹ́ńsì olówó ńlá ni, wọn ì bá ràn ọ́ lọ́wọ́. Bí wọ́n ṣe ṣe pàtàkì tó nìyẹn: igun, òkùnkùn, àti ìwọ̀n ìbú ọwọ́ kan ní etí ìkòkò. Mo rìn sẹ́yìn ìṣísẹ̀ mẹ́ta, mi ò rí ọ̀kankan nínú wọn mọ́. Ìyá náà nìkan ni mo rí. Kò sì sí àlejò tí yóò fi imú wo ògiri. Lọ wo ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà, kí o mọ ibi tí èèyàn yóò dúró sí.

Àtẹ́lẹwọ́ ẹni kì í tan ni jẹ. Ohun tó mú kí ìyá náà má fi ojú pa mọ́ fún ọ, kámẹ́rà ọmọkùnrin yẹn kò ní in. Ó lè mú ẹ̀rọ tó ju tìrẹ lọ délé ìyá náà, kí ìyá náà sì jókòó gbọnrangandan fún un. Fún ìwọ, ó ń rìn yí ìkòkò rẹ̀ ká.

Fọ́tò náà ló wà nínú páìpù tí dírẹ́bà ọkọ̀ Ìlọrin gbé fún ọ pẹ̀lú ìwé yìí. Ní Mọ́ńdè, tètè dé ibi iṣẹ́ ṣáájú gbogbo wọn, kí o gbé e kọ́ ibi tí ọ̀gá rẹ yóò ti rí i bó bá ti wọlé. Má sọ̀rọ̀. Bí ó bá jẹ́ kámẹ́rà ni wọ́n kọ́kọ́ béèrè, a jẹ́ pé mo ṣìnà. Pè mí, n óò tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ. Ṣùgbọ́n bí ọ̀kan nínú wọn bá bi ọ́ pé, "Ta ni ìyá yìí?" sọ orúkọ rẹ̀ fún wọn, kí o sì gbé àpò kámẹ́rà rẹ kọ́ èjìká.

Ó ku mọ́kànlá nínú méjìlá.

Èmi ni ìyá rẹ tó fẹ́ràn rẹ,
Sìkírátù